Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ìtàn Bí Ọ̀nà Ìròhìn Ti Ń Yí Padà li Ilẹ̀ Yorùbá

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí ó ti òkè òkun wọ ilẹ̀ wa, ọ̀kan wà tí àwọn baba wa sọ li orúkọ tí ó fi ojú tí wọ́n fi wò ó hàn gedegbe. Wọn kò pè é ní àpótí orin, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pè é li ohùn òyìnbó. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n pe rédíò. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbé orúkọ yìí yẹ̀wò yóò rí i pé ìyanu wà nínú rẹ̀, ẹ̀sùn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí kò sí ẹni tí ó lè wí fún un pé, “Dúró ná, kò rí bẹ́ẹ̀”? Ọba kọ́ ni. Aláàfin pàápàá, nínú gbogbo ọlá rẹ̀, ní ìgbìmọ̀ ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn àgbà kan sì túmọ̀ orúkọ náà sí “Ọ̀yọ́ mọ èsì,” èyí ni pé àwọn ni wọ́n mọ ohun tí a fi ń dá ọba lóhùn.

Orúkọ rédíò yìí li àwa fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n nínú ìwé kékeré yìí. Àwọn tí ń sọ ìtàn ọ̀nà ìròhìn a máa tò wọ́n bí àtẹ̀gùn: àrokò ní ìsàlẹ̀, ìwé lórí rẹ̀, rédíò lórí ìwé, tẹlifíṣọ̀n lórí rédíò, bí ẹni pé olúkúlùkù ga ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ kí a kọ́ bi olúkúlùkù wọn léèrè pé: ẹni tí a rán ọ sí, ǹjẹ́ ó ní ọ̀nà láti fèsì?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àrokò. A kò gbàgbé pé àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti ń kọ ìwé Lárúbáwá ní àwọn ìlú wa kan kí míṣọ́nnárì kankan tó dé. Ṣùgbọ́n li ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí a bá fẹ́ bá ẹni tí ó jìnnà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, owó ẹyọ, ìyẹ́, okùn, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ li à ń dì pọ̀ fún ìránṣẹ́. Iye owó ẹyọ náà, àti bí a ti sín in, ni ọ̀rọ̀. Owó ẹyọ méjì tí a dojú wọn kọ ara wọn, ìrẹ́pọ̀ àti ìpàdé ni. Bí a bá fi ìyẹ́ kún un, ẹni tí ó rán an ń wí pé kí a yára bí ẹyẹ. Àlùfáà C. A. Gollmer, ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ C.M.S. ṣiṣẹ́ pẹ́ li àárín wa, kó ìtumọ̀ irú àrokò wọ̀nyí jọ, a sì tẹ ohun tí ó kọ nípa wọn jáde ní London li ọdún 1885.

Ohun tí ó dùn mọ́ wa jùlọ nínú ọ̀ràn yìí ni pé orúkọ iye ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹẹ́fà ń wí pé “fà.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan ti jẹ́wọ́ pé ọkàn òun fà sí i. Bí ọmọbìnrin náà bá dá mẹ́jọ padà, ó ti gbà, nítorí ẹẹ́jọ ń wí pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó ẹyọ náà láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí ó sì kà á péye, síbẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn tí ó wí pé àwọn baba wa kò ní ohunkóhun tí ó jọ ìwé, owó ni wọ́n rí, wọn kò rí ọ̀rọ̀. Kí òǹkàwé sì kíyèsí i pé mẹ́fà àti mẹ́jọ wọ̀nyí, ìbéèrè àti èsì ni wọ́n. Ohun kan náà tí ẹni ìṣáájú fi sọ̀rọ̀ wà li ọwọ́ ẹni ìkejì láti fi dáhùn. Kò sí ilé tí ó tálákà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rí owó ẹyọ mẹ́jọ sín.

Àrokò kan wà, síbẹ̀, tí kò ní èsì. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i, Baṣọ̀run a sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún un pé àwọn òrìṣà kọ̀ ọ́, àwọn ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ pàápàá kọ̀ ọ́. Ọba tí igbá bá dé iwájú rẹ̀, ikú li àṣà fi lélẹ̀ fún un. Bóyá nítorí èyí ni àwọn ènìyàn wa fi mọ bí ọ̀rọ̀ tí kò gba èsì ti wúwo tó, tí wọn kì í sì í fi orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ọ̀nà kejì ni ìlù. Ìlù kò ní ètè, kò ní eyín, kò lè pe b kí ó yàtọ̀ sí k. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ni gbogbo ohun tí ó ní. Ṣùgbọ́n nínú èdè tí ohùn ń pín ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí tiwa, ohun tí ó ní yìí kì í ṣe kékeré. Ìyáàlù dùndún a gbé oríkì ọba, a pe àlejò li orúkọ, a kìlọ̀ fún aláìgbọràn, àwọn tí ó ti gbọ́ òwe àti oríkì náà li ẹnu àwọn àgbà a sì mọ̀ ọ́n. Nítorí pé ohùn kan náà lè ba gbólóhùn méjì mu, àyàn tí ó bá bú ènìyàn lójú agbo ní ibi tí yóò sá sí: yóò wí pé ohun tí olúwarẹ̀ gbọ́ kọ́ ni òun lù. (Irú ààbò yìí ni olóòtú ìwé ìròhìn kò ní, bí a ó ti rí.) Ẹni tí ìlù bá kì pẹ̀lú kì í dákẹ́. Yóò jó, yóò fi owó lé onílù níwájú orí, tàbí kí ó bínú kúrò li agbo. Èsì ni gbogbo rẹ̀. Ní ti akéde tí ń lu agogo kiri àdúgbò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹnu ọ̀nà li ó ń dúró sí, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé a sì bi í.

Li ọjọ́ 3 oṣù Dìsẹ́ḿbà, 1859, ohun titun kan jáde li Abẹ́òkúta. Àlùfáà Henry Townsend, ẹni tí ó ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní ìlú náà li ọdún 1854, tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Owó ẹyọ 120 li à ń rà á. Òǹkàwé rí i pé owó kan náà tí a ti fi ń sọ̀rọ̀ ni a wá fi ń ra ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Yorùbá nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Li ọdún 1860 ni wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ìròhìn ìjọ, ìrìbọmi, ikú, ọ̀rọ̀ òwò òwú, ìròhìn ogun àti ti Èkó ni ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí Townsend sọ pé òun ń wá ni kí àwọn ènìyàn fi ìwé kíkà ṣe ìwà, kí wọ́n máa wá ìmọ̀ níbẹ̀. A kò lè ṣàì yìn ín. Èdè wa kò tí ì pé 20 ọdún tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ bí iṣẹ́ nígbà náà, nítorí li ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ jáde ní London, odidi Bíbélì kò sì jáde títí di 1884.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ìwé náà ní ìbéèrè wa. Ta ni ó lè fèsì? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọwọ́ míṣọ́n ni ó wà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà kò pọ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn Sàró tí ó padà bọ̀ sí ilé li ó pọ̀jù nínú wọn. Ògbóni tí ó ń ṣe ìdájọ́ ìlú, Ológun tí ó ń ṣọ́ odi, àrokò ni wọ́n gbọ́, ìlù ni wọ́n gbọ́. Nínú ìwé tí ń sọ ọ̀ràn ìlú wọn, adití ni wọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọdé lè mọ ohun tí a wí nípa ìlú kí bàbá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé mọ bí ó ti parí. Gómìnà Èkó ń fi agbára wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó fi àwọn ọlọ́pàá sí ibi tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí tiwọn, ìbínú náà sì bọ́ sórí gbogbo ohun tí ó jọ ti òyìnbó. Li ọjọ́ 13 oṣù Òkítóbà, 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. A kó ilé ìsìn, a lé àwọn òyìnbó jáde, a sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà jẹ́. Àwa kò wí pé Ìwé Ìròhìn ni ó fa Ìfọ́lé. Ọ̀ràn ilẹ̀ àti owó ibodè ti tó láti fà á. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan, tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí li ẹnu wa, rò pé àwa ń gbèjà àwọn tí ó fọ́ ilé Ọlọ́run. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé nígbà tí ọjọ́ ìbínú dé, ẹni tí kò ní àlùfábẹ́ẹ̀tì li ọwọ́ ní kùmọ̀ li ọwọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé ẹ̀rọ náà jẹ́ tirẹ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín nípa ohun tí ìwé pàdánù. Ìlù ń gbé ohùn, kò lè gbé lẹ́tà. Ìwé ìròhìn ń gbé lẹ́tà, ó sì sábà máa ń jẹ́ kí ohùn bọ́ sílẹ̀. Li ọdún 1875 àwọn míṣọ́n pàdé li Èkó láti mú ọ̀nà ìkọsílẹ̀ Yorùbá ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tí a bá pinnu ní ìpàdé, atẹ̀wé tí kò ní òjé alámì nínú àpótí rẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ọkùnrin ilé, ohun ìroko, ohun ìrìn omi, àti ohun ìjà, bí a bá mú àmì kúrò, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí àwa bá ń ka ìwé ìròhìn àtijọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ní láti ka gbólóhùn kan léèmejì sókè, kí etí tó bá ojú ṣe é.

Lẹ́yìn Ìfọ́lé, Èkó ni ìtàn náà ṣí lọ. Robert Campbell ti tẹ Anglo-African níbẹ̀ láti 1863 dé 1865. Li ọdún 1880 ni R. B. Blaize dá Lagos Times sílẹ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. A kò ní pẹ́ lórí wọn. Gẹ̀ẹ́sì li ó pọ̀jù nínú wọn, nítorí pé ìjọba ni wọ́n ń dá lóhùn, ìjọba kò sì gbọ́ èdè mìíràn. Ìjọba náà gbọ́, èsì náà sì ta á li etí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣe òfin li ọdún 1903 pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròhìn gbọ́dọ̀ fi £250 ṣe ìdúró. Àwọn ènìyàn ńlá Èkó kọ̀wé tako òfin náà. A ṣe é síbẹ̀.

Láàárín 1922 àti 1928 ni ìwé ìròhìn fi padà di ti ẹlẹ́dè. Adéoyè Dẹ́nìgà dá Èkó Àkéte sílẹ̀ li 1922, E. A. Akíntàn dá Elétí-Ọfẹ sílẹ̀ li 1923, D. A. Ọbasá dá Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn li 1924, I. B. Thomas sì dá Àkéde Èkó sílẹ̀ li 1928. Ẹ wo orúkọ wọn. Ọ̀kan pe ara rẹ̀ ní ẹni tí etí rẹ̀ mú, òmíràn gba iṣẹ́ akéde mọ́ onígogo lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ìlú gbóná: ìbò àkọ́kọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣẹlẹ̀ li Èkó li 1923, ọ̀ràn Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí tí a yọ lóyè li 1925 kò sì parí títí ó fi padà dé li 1931. Òǹkàwé kò dákẹ́ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Oníṣòwò, olùkọ́, akọ̀wé òkè ọjà, gbogbo wọn ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń bá a jiyàn, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn.

Àpẹẹrẹ kan tó. Li oṣù Júláì, 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú Àkéde Èkó. Ṣẹ̀gilọlá ni ó pe ara rẹ̀, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a gbálẹ̀, ó sì ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ li ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin lè kọ́ ọgbọ́n. Èkó gbọ̀n. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ẹni tí ó jẹ́. Àwọn kan kọ̀wé láti bá a kẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Li 1930 ìtàn náà di ìwé. I. B. Thomas, olóòtú, fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá kan kò sí. Àwọn kan wí pé ẹ̀tàn ni. Àwa gbà pé ó tan àwọn kan jẹ, owó tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n a kò mọ ìwé mìíràn li ọjọ́ náà tí ó mú kí ènìyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mú gègé láti kọ èdè ìyá wọn. Ohun tí 120 owó ẹyọ kò rà fún àgbà Ẹ̀gbá li 1859, lẹ́tà kan sí olóòtú ti ń rà á fún ará Èkó li 1929.

Nígbà náà ni Asọ̀rọ̀mágbèsì dé. Li ọjọ́ 1 oṣù Dìsẹ́ḿbà, 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ rédíò onílé-dé-ilé li Èkó, Ìbàdàn sì rí tirẹ̀ li 1939. Okùn wáyà ni a fà wọ ilé, tí a so mọ́ àpótí kan lára ògiri. Ẹni tí ó bá san owó oṣù a máa gbọ́ ohun tí London ń sọ. Onílé kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ó lè mú ohùn náà rẹlẹ̀, ó sì lè pa á. Agbára rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí àrokò, ìlù, àti àwọn ìwé 1922 sí 1928 ti fi kọ́ wa nípa èsì, àpótí yìí kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Kí orúkọ tó jẹ́ orúkọ, ó ní láti jẹ́ òtítọ́, òtítọ́ sì li orúkọ yìí.

Ọdún 18 lẹ́yìn náà, orúkọ náà di ọ̀ràn ìjọba. Li ọjọ́ 31 oṣù Màáṣì, 1953, Anthony Enahoro gbé àbá dìde ní ilé ìgbìmọ̀ pé kí Nàìjíríà gba òmìnira li 1956. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn mínísítà Action Group fi ipò sílẹ̀. Gómìnà, Sir John Macpherson, sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì dá wọn li ẹ̀bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun ní àyè lórí ẹ̀rọ kan náà láti fèsì. Wọ́n kọ̀ fún un. Ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá nínú òṣèlú ni ọ̀ràn náà kàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èdè wa ti mọ̀ kí ó tó béèrè pé ẹ̀rọ náà kì í gba èsì. A ti fi í ṣe orúkọ rẹ̀.

Awólọ́wọ̀ kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Òfin 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti dá ilé iṣẹ́ ohùn tiwọn sílẹ̀, li ọjọ́ 31 oṣù Òkítóbà, 1959 sì ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀. A fẹ́ràn láti máa tún un sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Morocco àti Algeria ti rí irú rẹ̀ ṣáájú wa. Ohun tí ó jẹ́ tiwa ní tòótọ́ ni ìdí tí a fi kọ́ ọ: nítorí èsì tí a fi dù wá li a ṣe kọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí ilé náà pàápàá fi kọ́ ìwà àpótí ara ògiri. Nígbà ìjà òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ tí ó bá di ìjọba mú ni ó ń sọ̀rọ̀, ìyókù ń gbọ́. Li oṣù Òkítóbà, 1965, lẹ́yìn ìbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí èrú, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá sì fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan wọ ilé rédíò Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn, ó sì fi ipá mú wọn gbé ohùn mìíràn sáfẹ́fẹ́ ní ipò ti Olóyè náà. A mú Wọlé Ṣóyínká fún un. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ li oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún kan náà. Li ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ sọ ipa tí ó kó nínú ọ̀ràn náà nínú ìwé ìrántí rẹ̀. Àwa kì í yin ìbọn. Ṣùgbọ́n láti ọmọbìnrin tí ó sín owó ẹyọ mẹ́jọ dé ọkùnrin tí ó fi ìbọn wá àyè fún ohùn kan, ọ̀nà náà jìn, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìrìn náà ní àtẹ̀gùn tí ń ròkè.

Lóde òní ọ̀rọ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Fóònù wà li ọwọ́ ìyá alátà, ó ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní London láìmọ lẹ́tà kan, pẹ̀lú gbogbo ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tí òjé atẹ̀wé kò lè gbé. Èsì a padà dé kí ó tó wọn ata tán. Ìránṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ṣòro láti mọ̀: ẹni tí ó gbé àrokò wá, a mọ ilé rẹ̀, a sì lè dá a dúró, ọ̀rọ̀ tí ń ti fóònù dé fóònù kò ní ẹni tí a lè bi pé ta ni ó rán ọ. Rédíò náà ti kọ́ láti gbọ́. Ní òwúrọ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a ka nọ́ńbà fún àwọn olùgbọ́, awakọ̀ a pè láti gáréèjì, ìyàwó ilé a pè láti ibi ìdáná, wọn a sì sọ fún un lójú gbogbo ayé pé ohun tí ó wí kò rí bẹ́ẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ṣì ń pè é.